Omi Tó Wà Nínú Ẹ́ńjìnnì Ìyá Ìbejì

Ó lé ní ọdún kan tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ìyàwó mi fi dúró sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn wa ní Treichville, àdúgbò kan ní Abidjan, kí n tó fọwọ́ kàn án. Mo fi àpò ìrẹsì tó ti ṣófo bò ó lórí. Bí mo bá ń jáde lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, èjìká mi a fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Bí mo bá dé ní ìrọ̀lẹ́, òun ni mo ń kọ́kọ́ rí. Àwọn ọjọ́ kan wà tí mo ń kí i. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń dá gbé mọ̀ pé ẹnu a máa wúwo bí kò bá rí nǹkan sọ látàárọ̀.

Èmi àti ìyàwó mi dé Abidjan ní 1958, ọdún kejì ìgbéyàwó wa. Ògbómọ̀ṣọ́ ni a ti wá. Mo ti kàwé níbẹ̀ débi tí mo fi lè ṣe olùkọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ akọ̀wé ni mo rí ṣe níhìn-ín, ní ilé iṣẹ́ kan tó ń já ẹrù ọkọ̀ ní èbúté ńlá. A bí ìbejì, obìnrin méjèèjì. Nígbà tí wọ́n pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, a fi wọ́n ránṣẹ́ sí ìyá mi nílé, torí pé tí a bá bá wọn sọ Yorùbá, wọ́n á gbọ́, Faransé ni wọ́n á sì fi dáhùn. Nítorí náà, nígbà tí ìyá wọn kú, èmi nìkan ló kù nínú yàrá méjèèjì náà.

Ọjà ìyàwó mi kì í ṣe ọjà inú ìlú. Abọ́ àwo, ìkòkò, òwú, abẹ́rẹ́, fìtílà àti gíláàsì rẹ̀ ni ó máa ń kó lọ sí àwọn abúlé tó wà létí ọ̀sà. Niangon, tó ti kún fún ilé báyìí, abúlé ni nígbà náà, àwọn obìnrin ibẹ̀ a sì máa dúró dè é létí omi. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ń wọ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀. Lẹ́yìn náà ó ní òun fẹ́ ọkọ̀ tòun. A ra ọkọ̀ pákó kan, a sì ra ẹ́ńjìnnì àlòkù tí a ń gbé kọ́ sí ìdí rẹ̀. Bàbá kan, ará Ìlàjẹ, tó ń tún irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ ṣe ní Vridi, níbi tí ọ̀sà ti pàdé òkun, ló kọ́ ọ bí a ti ń wà á. Obìnrin tó ń dá wa ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kò pọ̀ lójú ọ̀sà, àwọn ọlọ́kọ̀ tó kù sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn.

"Anago," wọ́n á ní, torí orúkọ tí wọ́n ń pe gbogbo wa níbẹ̀ nìyẹn, "ṣé ọkọ rẹ mọ̀ pé o jáde?"

"Òun ló rán mi wá wò bóyá ẹ ti jí," lòun náà á fi dá wọn lóhùn.

Èmi kò mọ ọkọ̀ wà. N kò tilẹ̀ mọ̀ wẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ gbígbẹ ni mí. Ṣùgbọ́n mo mọ̀wé kà. Ìwé pẹlẹbẹ kan bá ẹ́ńjìnnì náà wá, Faransé ni, ó ní àwòrán nínú, mo sì kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bí ẹni tó fẹ́ ṣe ìdánwò. Ìwé náà sọ pé tí ẹ́ńjìnnì bá ti ṣiṣẹ́ pẹ́, kí á ṣí orí rẹ̀, kí á ha èéfín tó ti gan mọ́ inú rẹ̀ kúrò. Orí tí mo ń wí yìí, ìdérí irin kan ni tí a fi bóòtù mẹ́wàá dè mọ́ ara ẹ́ńjìnnì. Lẹ́yìn ìdérí náà ni sìlíńdà méjì wà, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, ihò méjì tí písítìnì ti ń lọ tó ń bọ̀. Láàárín ìdérí àti ara ẹ́ńjìnnì ni awẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní gásíkẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti má ṣe jẹ́ kí omi tí ẹ́ńjìnnì ń fà láti inú ọ̀sà, tó fi ń mú ara rẹ̀ tutù, wọ inú sìlíńdà níbi tí iná ti ń jó.

Ní Sátidé kan mo tẹ́ ẹní sí àgbàlá, mo tú bóòtù mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, mo ha èéfín títí irin fi ń dán. Gásíkẹ́ẹ̀tì náà kò tí ì ya, mo sì dá a padà. Mo dé ìdérí, mo di bóòtù àkọ́kọ́ lókè pátápátá, mo di èyí tó tẹ̀ lé e, mo ń lọ yípo títí mo fi padà sí ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo agbára mi ni mo fi dì wọ́n. Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó mú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, ó ń wò mí. Nígbà tí mo fa okùn tí ẹ́ńjìnnì náà sì dún, ó ní, "Akọ̀wé mi ti di mẹ̀káníìkì." N kò rò pé mo tún yọ̀ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ọdún yẹn.

Oṣù kan kò tí ì pé lẹ́yìn náà tí ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí ṣe agídí. Ó ń pẹ́ kó tó jí. Bó bá jí, ó ń wúkọ́, èéfín funfun ń jáde lẹ́yìn rẹ̀, agbára rẹ̀ a sì dín sí ìdajì. Ìrọ̀lẹ́ kan ni ìyàwó mi dé, ó sọ ẹrù kalẹ̀, kò tí ì jókòó.

"Bàbá Ìbejì, omi wà nínú ẹ́ńjìnnì."

"Omi wà nínú epo ni," mo ní. "Lọ́dọ̀ ta lo ti rà á?"

"Lọ́dọ̀ Alàájì náà ni. Níbi tí mo ti ń rà á láti ọjọ́ yìí."

Alàájì yìí, ọmọ ìlú wa ni, Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tiwa. Ó ń ta epo bẹntiróòlù nínú ìgò àti kẹ́ẹ̀gì ní etí èbúté Treichville.

"Alàájì ń fi omi lu epo fún ọ, ìwọ sì ń kí i ní ẹ kú iṣẹ́."

"Kì í ṣe omi inú epo. Mo yọ bougie ìsàlẹ̀, mo rí ẹ̀kán omi lórí rẹ̀. Mo tọ́ ọ wò. Ó níyọ̀."

Bougie ni gbogbo Abidjan ń pe púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná sí epo. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ṣé ọbẹ̀ ni, tí o fi ń tọ́ ọ wò?"

Ó wá bọ́ gèlè rẹ̀, ó ká a, ó fi sórí àpótí. "Ó dáa," ló wí. "Ẹ jẹ́ kí n gbé oúnjẹ yín wá."

Bí ọ̀rọ̀ náà bá parí síbẹ̀, bóyá n kò ní máa kọ èyí. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì mo lọ bá Alàájì, lójú àwọn oníbàárà rẹ̀, mo sọ fún un pé olè ni. Mo sọ ọ́ ní Yorùbá, mo tún sọ ọ́ ní Faransé kí ẹni tí kò gbọ́ ti àkọ́kọ́ lè gbọ́ ti ìkejì. Alàájì kò bínú. Ó ń fi àkísà nu ẹnu kẹ́ẹ̀gì.

"Akọ̀wé," ó ní, "epo tí mo tà fún ìyàwó yín ni mo tà fún gbogbo èbúté. Ọkọ̀ tiyín nìkan ni òùngbẹ ń gbẹ ni?"

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló mú mi le sí i. Mo ní kí ìyàwó mi má ra epo lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́, ó sì ń rìn lọ sí ibòmíràn tó jìnnà, ó ń ru kẹ́ẹ̀gì bọ̀. Omi kò yé wọ ẹ́ńjìnnì. Mo ní ti Alàájì ló ṣẹ́kù sí ìdí táǹkì. Lẹ́yìn oṣù méjì ó tún padà sọ́dọ̀ Alàájì, mo sì ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Kò tún bá mi sọ̀rọ̀ omi mọ́. Mo gbà pé ó ti gbà pé èmi ni mo jàre.

Àìsàn rẹ̀ kò gùn. Orí fífọ́ ló fi bẹ̀rẹ̀, ní àkókò òjò, ó sì di ilé ìwòsàn. Ní ọjọ́ tí mo fẹ́ gbé e lọ, bí mo ti ń wá bàtà rẹ̀, ó ní, "Ẹ bá mi gbé ẹ́ńjìnnì kúrò nínú òjò." Mo sáré lọ sí èbúté, mo gbé e wálé, mo fi sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn tó bá mi sọ nípa rẹ̀ nìyẹn. Ọkọ̀ pákó náà ni Bàbá Ìlàjẹ wá fà lọ sí Vridi, ó sọ fún mi pé òun á bá mi tọ́jú rẹ̀ síbẹ̀.

Apẹja kan ló mú kí n ṣí àpò ìrẹsì náà. Ó gbọ́ pé mo ní ẹ́ńjìnnì tí n kò lò, ó wá láti rà á. "Ça marche?" ló bi mí. Mo ní ó ń ṣiṣẹ́. Ó ní, kí ló wá dé tó fi dúró? Mo ní kó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ọmọ ìjọ ni mí, n kò lè ta ohun tí n kò mọ àrùn rẹ̀ fún ọmọlàkejì. Ohun tí mo sọ fún ara mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan. Mo fẹ́ mọ ẹni tó jàre nínú èmi àti ìyàwó mi. Ó yẹ kí n kọ ọ́ bó ti rí: mo ṣì ń fẹ́ kó jẹ́ omi inú epo. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rín tí mo fi rẹ́rìn-ín kò burú jù.

Epo ṣì wà nínú táǹkì, èyí tó rà kẹ́yìn. Mo dà á sínú ìgò funfun kan, mo gbé ìgò náà sójú fèrèsé di ọjọ́ kejì. Omi wúwo ju epo lọ. Bí ó bá wà níbẹ̀, ìsàlẹ̀ ni yóò fìdí sí, ojú á sì rí ibi tí wọ́n ti pàdé. Ní ọjọ́ kejì, mo gbé ìgò náà sókè sí ìmọ́lẹ̀. Epo náà ti pọ́n, ó ti gbó, ṣùgbọ́n láti òkè dé ìsàlẹ̀, epo ni. Mo mì í, mo tún dúró. Kò sí omi kankan nínú rẹ̀.

Mo yọ bougie méjèèjì. Ti òkè dúdú, ó lóròóró, bó ti yẹ kó rí. Ti ìsàlẹ̀ ti dípẹtà, nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun sì gan mọ́ ẹnu rẹ̀. Mo ti ilẹ̀kùn, bí ẹni pé ẹnì kan lè rí mi, mo sì fi ahọ́n kàn án.

Iyọ̀ ni.

Síbẹ̀ n kò gbà. Mo ní, ọ̀sà níyọ̀, atẹ́gùn a máa fẹ́ ẹ, ìgbì a máa ta á sókè; ó lè gba ibòmíràn wọlé. Mo wá ṣí àpótí kékeré tó máa ń gbé sínú ọkọ̀ bóyá mo lè rí sípánà. Sípánà wà níbẹ̀. Àbọ̀ ìgò òróró wà níbẹ̀, pẹ̀lú wáyà gígùn kan tí a ká lórí. Àkísà wà níbẹ̀ tó tó ogún, wọ́n jẹ́ ìwọ̀n kan náà, a ká wọn lé ara wọn bí aṣọ tí a lọ̀. Mo mọ aṣọ náà. Ìró aláró tí mo rà fún un nígbà tí a bí àwọn ìbejì ni. Ó ti gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Àpá iyọ̀ funfun wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tó ń fi wọ́n ṣe kò yé mi.

Ní Sátidé mo háyà wotoro, kẹ̀kẹ́ onígi tí àwọn aláàárù ń tì, mo gbé ẹ́ńjìnnì náà lọ sí Vridi. Bàbá Ìlàjẹ ń jẹ búrẹ́dì lábẹ́ ìbòòji páànù rẹ̀. Ó rí ẹ́ńjìnnì náà kó tó rí mi, ó sì bọ́ fìlà.

"Akọ̀wé. Ẹ gbé e wá."

"Mo fẹ́ mọ ibi tí omi ń gbà wọ inú rẹ̀."

"Ẹ ti pẹ́ díẹ̀," ó ní. Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń búni. Ó jẹ búrẹ́dì rẹ̀ tán. "Ṣé búlúù wà nílé yín?"

"Búlúù wo?"

"Èyí tí àwọn obìnrin fi ń fọ aṣọ funfun. A ó kún àgbá yìí lómi, a ó po búlúù sí i, a ó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì mu ún. Bí omi inú sìlíńdà bá jẹ́ aró, ẹnikẹ́ni kò ní lè sọ pé epo ló gbé e wá. Epo Alàájì kì í ṣe aró."

Mo wò ó lójú. Gbogbo èbúté ló mọ̀ pé mo pe Alàájì ní olè, kò sí ìdí tí òun kò fi ní mọ̀.

Agolo kan wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù wa tí n kò tí ì ṣí láti ọjọ́ ìsìnkú. Ibẹ̀ ni ó ń fi sítáàṣì àti búlúù sí, torí aṣọ funfun tí àwọn obìnrin ìjọ wa ń wọ̀ ní ọjọ́ Oúnjẹ Olúwa. Tèmi náà, òun ló ń fọ̀ ọ́. Láti ìgbà tó ti lọ, ẹ̀wù funfun mi ti pọ́n lọ́rùn, mo sì ń wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ sí ìjọ. Kò sí ẹni tó sọ fún mi. Búlúù méjì ló kù nínú agolo náà, ó wé wọn sínú ìwé. Mo mú ọ̀kan.

Ní Sátidé kejì, a gbé ẹ́ńjìnnì kọ́ sí etí àgbá, a bu epo tuntun sí i, a fọ bougie. Bàbá Ìlàjẹ ni kí n po búlúù náà fúnra mi. Omi àgbá yí padà sí aró, ó rí bí omi tí ìyàwó mi ń dà sí gọ́tà ní ọjọ́ Sátidé. A fa okùn ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá kó tó jí. Èéfín funfun bo ìbòòji. Nígbà tó ti ṣiṣẹ́ díẹ̀, ó pa á, ó ní kí á jẹ́ kó tutù. A jókòó. Ọkọ̀ ńlá kan ń gba ẹnu Vridi wọlé láti òkun, ó ń fọn fèrè.

Ó yọ bougie ìsàlẹ̀. Ó mú wáyà, ó wé aṣọ funfun mọ́ ẹnu rẹ̀, ó tì í bọ inú ihò, ó yí i, ó fà á jáde. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́.

Aró ni.

"Ó kù ká wo ibi tó ti ń wọlé," ó ní, ó sì na sípánà sí mi. "Ẹ tú u."

"Ẹ̀yin kọ́ ni mẹ̀káníìkì ni?"

"Ẹ̀yin ni kí ẹ tú u."

Mo tú bóòtù mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Nígbà tí ìdérí kúrò, gásíkẹ́ẹ̀tì náà sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fúnra rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, irin ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹlẹbẹ. Ní àárín, nítòsí sìlíńdà ìsàlẹ̀, kò tilẹ̀ fara kan ìdérí dáadáa. Ojú ọ̀nà omi hàn níbẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́, ó jẹ́ aró láti etí dé etí. Bàbá Ìlàjẹ fi èékánná tọ ojú ọ̀nà náà.

"Ẹni tó di èyí, bí ẹni tó ń di ìdì igi ló ṣe dì í. Ó bẹ̀rẹ̀ láti etí kan, ó ń lọ yípo. Orí irin a máa wọ́ bẹ́ẹ̀. Àárín la ti ń bẹ̀rẹ̀, èyí tó kọjú sí i a tẹ̀ lé e, díẹ̀díẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta."

Ojú ewé ìwé náà wá sí mi lọ́kàn. Àwòrán ìdérí, pẹ̀lú nọ́ńbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bóòtù kọ̀ọ̀kan, láti oókan dé ẹẹ́wàá, tí oókan àti eéjì wà ní àárín. Mo ti rí i dáadáa ní ọjọ́ náà. Mo rò pé wọ́n ń ka iye bóòtù ni kí ọ̀kan má baà sọnù. Nǹkan tí èmi ń ṣe lójoojúmọ́ ní èbúté nìyẹn, mo ń ka ẹrù. Mo rò pé gbogbo nọ́ńbà, fún kíkà ni.

"Èmi ni mo dì í," mo wí.

"Mo mọ̀."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Ìyá Ìbejì." Ó jókòó sórí àpótí. "Ó gbé e wá síbí ní oṣù tó bẹ̀rẹ̀ sí mu omi. Mo rí i lójú ẹsẹ̀. Mo ní kó jẹ́ kí n tú orí rẹ̀, wákàtí kan péré. Ó ní rárá. Ó ní, 'Bàbá, ohun tí ọkọ mi fọwọ́ ara rẹ̀ dì, n kò ní jẹ́ kí ọkùnrin mìíràn tú u lẹ́yìn rẹ̀.' Mo ní kó lọ sọ fún yín nígbà náà. Ó ní òun ti sọ fún yín pé omi iyọ̀ ni."

N kò lè wò ó.

"Ó ní ẹ ó rí i fúnra yín. Ó ní, 'Ó máa ń pẹ́ kó tó rí nǹkan, ṣùgbọ́n ó máa ń rí i.' Ó ń rẹ́rìn-ín nígbà tó ń sọ ọ́. Mo wá kọ́ ọ bí yóò ṣe máa ṣe é. Bó bá ti dé èbúté, kó yọ bougie, kó fa okùn kí omi tú jáde, kó fi wáyà àti aṣọ gbẹ inú rẹ̀, kó kán òróró sí i. Bí kò ṣe bẹ́ẹ̀, písítìnì á ti gan láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ó ṣe é títí ó fi ṣàìsàn."

Ogún àkísà. Oṣù mẹ́jọ ni. Lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, lẹ́yìn tó bá ti rin ọ̀sà látàárọ̀, ó ń kúnlẹ̀ sínú ọkọ̀, ó ń fa omi àṣìṣe mi jáde kí ó tó wá sílé wá se oúnjẹ mi. Mo rántí àwọn ìrọ̀lẹ́ tó pẹ́ dé, tí mo bi í pé kí ló ń ṣe ní èbúté. "Mò ń tún nǹkan tò," ló máa ń wí.

Bàbá Ìlàjẹ fún mi ní gíláàsì fèrèsé kan àti pépà tí a fi ń ha irin. Mo tẹ́ pépà sórí gíláàsì, mo ń ha ojú ìdérí lórí rẹ̀ títí ó fi tẹ́jú. Ó gba gbogbo ọ̀sán. Ó mú gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun wá. Mo di bóòtù àárín, mo di èyí tó kọjú sí i, mi ò fi agbára; mo tún padà; mo tún padà lẹ́ẹ̀kẹta. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ní, "Ẹ rọra. Kò ní sá lọ."

A tún jẹ́ kó mu omi búlúù àgbá náà. Nígbà tó tutù, mo fi wáyà ti aṣọ funfun bọ inú ihò, mo fà á jáde. Funfun ló jáde, pẹ̀lú òróró díẹ̀.

Ẹni tí mo jẹ ní ẹ̀bẹ̀ kò sí níbi tí yóò ti gbọ́. Ẹnì kan ló kù tí ó ṣì ní etí. Ní Mọ́ńdè, bí mo ti kúrò níbi iṣẹ́, mo gbé ìgò epo ojú fèrèsé mi, mo lọ sí etí èbúté.

"Alàájì, ẹ kú iṣẹ́."

"Akọ̀wé. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta."

Mo gbé ìgò náà síwájú rẹ̀. "Epo tí ẹ tà fún ìyàwó mi kẹ́yìn nìyí. Kò sí omi nínú rẹ̀. Èmi ni mo ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Mo wá bẹ̀ yín ni."

Ó gbé ìgò náà, ó wò ó, ó gbé e kalẹ̀. "Ẹ wí i sókè díẹ̀," ó ní. "Ọjọ́sí, ohùn yín dé òdìkejì ọ̀sà."

Àwọn oníbàárà méjì mẹ́ta wà níbẹ̀. Mo wí i sókè. Mo tún wí i ní Faransé, torí bí mo ti ṣe é nígbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ọ̀kan nínú wọn, tí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ní "C'est pas grave, le vieux," pé kò ṣe nǹkan, bàbá, ó sì gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ lọ. Alàájì fi ọwọ́ nu ẹnu.

"Ó tó," ó ní. "Ó ti tán. Ọlọ́run á ṣàánú fún Ìyá Ìbejì. Ìgbà tí ẹ ní kó má ra epo mi mọ́, ẹ̀gbẹ́ ibí yìí náà ló ń gbà kọjá pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì lórí, ó sì ń kí mi. Ojú ń tì í fún yín." Ó mú kẹ́ẹ̀gì kan. "Litres mélòó?"

N kò ta ẹ́ńjìnnì náà. Apẹja yẹn padà wá, mo ní kó má bínú. Bàbá Ìlàjẹ kọ́ mi ní ọkọ̀ wíwà bó ti kọ́ ìyàwó mi. Ó ní ìyàwó mi yára gbọ́ jù mí lọ, mo sì gbà. Ó fi okùn so rọ́bà inú táyà mọ́tò kan mọ́ mi níbàdí, torí n kò mọ̀ wẹ̀, àwọn ọlọ́kọ̀ sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ju bí wọ́n ti fi ìyàwó mi ṣe lọ. Ní Sátidé tí mo kọ́kọ́ dá lọ, mo gba ẹ̀gbẹ́ àwọn ọkọ̀ ńlá kọjá, mo kọrí sí Niangon. Obìnrin àgbà kan wà létí omi níbẹ̀ tó mọ ọkọ̀ náà. Ó dìde, ó fi ọwọ́ bo ojú kí oòrùn má ṣe é, ó ń wá ẹni tó wà nínú rẹ̀. Nígbà tí mo súnmọ́ tòsí, ó tún jókòó.

Nígbà tí mo ń bọ̀, mo pa ẹ́ńjìnnì ní àárín ọ̀sà. N kò mọ ìdí tí mo fi ṣe é. Ìgboyà kọ́, torí ẹ̀rù ń bà mí. Ibẹ̀ dákẹ́. Mo jẹ́ kó tutù, mo yọ bougie ìsàlẹ̀, mo mú ọ̀kan nínú àwọn àkísà ìró aláró náà, mo fi wáyà tì í bọ inú ihò, mo sì fà á jáde. Ó gbẹ. Mo fi ahọ́n kàn án síbẹ̀. Òróró nìkan ni mo tọ́ wò.

Mo ní, "Ìyá Ìbejì, òótọ́ lo sọ, omi iyọ̀ ni."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Mo dá bougie padà, mo fi ọwọ́ dì í, mo fi sípánà kàn án díẹ̀, kì í ṣe pẹ̀lú agbára. Mo fa okùn. Ó jí ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.